Òru kẹẹ̀ẹ́dógún Ṣáábánì àti ọmọ ìyá tí a ò bá sọ̀rọ̀

Ìbéèrè: Ààfáà wa, àsàlámù àláékúmù. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń kọ̀wé. Òru kẹẹ̀ẹ́dógún Ṣáábánì, oṣù tó ṣáájú Ràmàdáánì, ti ń súnmọ́. Ní mọ́sálásí àdúgbò wa, wọ́n ní kí a wá kí ọgọ́rùn-ún ráká, kí a ka Yáásíìn lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn Mọ̀gàríbì, kí obìnrin kọ̀ọ̀kan sì gbé oúnjẹ sàráà wá. Ọkọ mi ní àdádáálẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ohun tí Ànábì kò fi lélẹ̀, kí n sùn sílé. Ìyá ọkọ mi ní òru yẹn ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí yóò kú lọ́dún. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹ dákun, ẹ fi àdúà kún un fún mi: èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, kò sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́rin nítorí ilé bàbá wa.

Ìdáhùn: Wà àláékúmù sàlámù, Àlájà. Ìlà tí ẹ fi kádìí ìwé yín, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ òru yìí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Hàdíìsì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù nípa òru náà kò gùn. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé Ọlọ́hun máa ń bojú wo ẹ̀dá Rẹ̀ ní òru ìdajì Ṣáábánì, a sì forí jin gbogbo wọn, àfi ẹni tó ń bá A wá akẹgbẹ́ àti ẹni tó di ẹnìkejì rẹ̀ sínú. Nínú àwọn tó kó hàdíìsì jọ, Ibn Maja gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Musa, Ibn Hibban gbà á láti ọ̀dọ̀ Muadh bin Jabal; sàábé, ọmọlẹ́yìn Ànábì, ni Abu Musa àti Muadh. Àwọn onímọ̀ rí àìlera lára àwọn ọ̀nà tó gbà dé, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń gbé èkejì ró, ìdí nìyẹn tí al-Albani, onímọ̀ hàdíìsì tí kì í fojú fo hàdíìsì aláìlera, fi ní ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀ṣẹbọ, ẹnu wa máa ń gùn lórí tirẹ̀. Ẹni tó ń di èèyàn sínú yẹn ni kì í ṣe àlejò nínú mọ́sálásí. Ó lè wà ní sàfù (ìlà ìkírun) àkọ́kọ́, kó máa ṣe àmín sókè, kí àbúrò rẹ̀ wà ní sàfù kẹta, kí wọ́n sì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ jáde. Mo ti rí i l'Ójúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá: àwọn ìbátan tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé, tí wọn ò bojú wo ara wọn. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ gba hàdíìsì òru yìí, ṣé yóò sá fún èyí tí Ìmáàmù Muslim, tó kó hàdíìsì jọ, gbà wá? Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè àti Tọ́sídè ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn Àlùjánà, tí wọ́n ń forí jin ẹni tí kò bá Ọlọ́hun wá akẹgbẹ́, àfi àwọn méjì tí ìkùnsínú wà láàrin wọn. Wọ́n á ní kí wọ́n dá àwọn méjèèjì yìí dúró títí wọn yóò fi parí ìjà.

Ẹ̀tọ́ yín kò bọ́ o. Súrátù Nísáì, ẹsẹ 11, ti pín ogún bàbá: ìpín ọmọkùnrin kan tó ìpín ọmọbìnrin méjì. Ẹ béèrè tiyín níwájú ẹbí àti níwájú ààfáà, kí wọ́n pín in bó ṣe yẹ. Sísọ nǹkan tó jẹ́ tiyín kì í ṣe odì. Ọdún mẹ́rin láìkí ara ẹni ni odì, bẹ́ẹ̀ Ànábì ní kò tọ́ kí Mùsùlùmí yan ọmọ ìyá rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, àti pé ẹni tó bá ṣáájú kí ẹnìkejì ló dára jù.

Ààfáà tí mo ké kéú lọ́dọ̀ rẹ̀, bí a bá ti kí Àlàásàrì tán ní ọjọ́ kẹrìnlá Ṣáábánì, á wẹ̀wù, á ní kí n tẹ̀lé òun. Ilé tí òun àti onílé ti ní gbólóhùn asọ̀ la máa ń lọ. Lọ́dún kan, wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un. Ó dúró níta, ó ní òun ti forí jì wọ́n, kí wọ́n dákun forí ji òun náà, a sì padà. Inú ń bí mi lójú ọ̀nà, ọmọdé ni mí. Òun ń ṣe tàsíbíì rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Ìyókù kò ní pẹ́. Ọgọ́rùn-ún ráká yẹn kò ti ọ̀dọ̀ Ànábì wá. Al-Nawawi, àgbà onímọ̀, ní àdádáálẹ̀ tí kò dára ni. Yáásíìn lẹ́ẹ̀mẹta náà kò ní hàdíìsì tó dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láádá wà nínú kíka Àlùkùránì nígbàkigbà. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín, kì í ṣe àròsọ wọn: Ikrima, onímọ̀ kan, ti sọ ọ́ láyé àtijọ́ pé òru yìí ni òru ìbùkún inú Súrátù Dùkáánì, òru tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu gbogbo ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní òru abiyì inú Ràmàdáánì ni, nítorí inú Ràmàdáánì ni Àlùkùránì sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn, ẹ má pè wọ́n ní òpùrọ́.

Ní ti ọkọ yín, ó kù díẹ̀ kó lọ jìnnà jù. Khalid bin Madan àti Makhul, lára àwọn tó bá àwọn sàábé Ànábì láyé, máa ń fi òru yìí jọ́sìn ní ilẹ̀ Ṣáámù (agbègbè Síríà). Ata, onímọ̀ ìgbà wọn ní Mẹ́kà, kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà wọn. Ẹ kí nọ́fílà yín nínú yàrá, ẹ tọrọ àforíjìn, ẹ sùn, ẹ má fi òru àforíjìn bá ọkọ yín jà. Ẹ sì gbààwẹ̀ ọjọ́ 13, 14 àti 15 Ṣáábánì, bí a ti ń gbà á lóṣooṣù. Bí gbèsè àwẹ̀ Ràmàdáánì tó kọjá bá wà lọ́rùn yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ san: inú Ṣáábánì ni Àíṣà, ìyá wa, máa ń san tirẹ̀.

Ó ku oúnjẹ. Sàráà dára lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di dandan fún obìnrin tí kò ní. Bí ẹ bá lágbára, ẹ se ìkọ́kọrẹ́, ẹ wé e dáadáa, kó má tutù. Mọ̀gàríbì ọjọ́ kẹrìnlá ni òru náà ń wọlé, nítorí náà lẹ́yìn Àlàásàrì ni kí ẹ gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ má dárúkọ ilé bàbá lọ́jọ́ náà. Ẹ kàn kúnlẹ̀ kí wọn. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ ti ṣe tiyín.

Àdúà tí ẹ ní kí n ṣe, mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín.