Gíríìsì nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí n fọwọ́ kàn: ìgbà wo ni màá dé ìdí ẹ́ńjìnnì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ kéékèèké. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síbi tí wọ́n ti ń tún kàtàpílà àti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ṣe ni. Ó ti pé oṣù mẹ́ta, kò sóhun tí mo ń ṣe ju kí n fọ ẹ̀rọ, kí n fi gíríìsì sí i, kí n sì pààrọ̀ fílítà lọ. Ṣé wọn ò máa fi àkókò mi ṣòfò báyìí? Kí ni kí n ṣe kí wọ́n lè gbé iṣẹ́ gidi fún mi?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú oríire iṣẹ́ tuntun. Inú bí èmi náà nígbà tèmi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni wọ́n gbé fún ọ. Àlàyé rẹ̀ ni wọn ò ṣe.

Wo fífọ ẹ̀rọ ná. Ibi tí ẹrẹ̀ bá bò, ta ni yóò rí i pé ó ń jò? Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ló ń kọ́kọ́ rí irin tó ti sán, bóòtù tó ti já àti họ́ọ̀sì tó ti ń wú. Gíríìsì náà ńkọ́? Bí ihò kan bá kọ̀ tí kò gba gíríìsì, ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ á nu ojú rẹ̀, wọ́n á sì kọjá lọ. Oríkèé yẹn á máa fi gbígbẹ ha ara rẹ̀ títí ọwọ́ kàtàpílà á fi máa mì dirọ́dirọ́. Bí ihò kan bá kọ̀, sọ fún ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ náà gan-an.

Fílítà ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Má kàn ju ti ọ́ìlì tí o tú nù. Gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o là á, kí o tẹ́ bébà inú rẹ̀ sílẹ̀, kí o wo èérún tó wà lórí rẹ̀. Èyí tí mágnẹ́ẹ̀tì bá fà, irin ni. Èyí tí kò fà, tó ń dán bíi bàbà, ó lè jẹ́ pé bẹ́ríìnì, ìyẹn ohun tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ń yí lé, ti ń jẹ. O ti ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láìtíì tú u nìyẹn. Ti fílítà epo dísù (diesel) tuntun, má fi kẹ́ẹ̀gì rọ epo sínú rẹ̀ kó o tó so ó mọ́ ọn; pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lára ẹ̀rọ ni kó o lò, nítorí epo tí o bá rọ síbi tó ń jáde kò ní gba inú fílítà kọjá, ìdọ̀tí rẹ̀ á sì lọ tààrà sí injector, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì.

Ìmọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tí o ní kò ṣòfò, àmọ́ àwọn àṣà kan wà tí o gbọ́dọ̀ jù sílẹ̀. Bàtìrì 12 volt méjì ni wọ́n sábà máa ń so pọ̀ di 24, nítorí náà má fi gílóòbù ọkọ̀ kékeré dán iná ibẹ̀ wò. Wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ la fi ń ka ìgbà tí a ó tọ́jú rẹ̀, a kì í ka kìlómítà: ó sábà máa ń jẹ́ 250, 500, 1,000 àti 2,000, ìwé ẹ̀rọ lo sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí fún ọ ni háídírọ́líìkì, ìyẹn agbára ọ́ìlì tó ń gbé ọwọ́ ẹ̀rọ. Ìfúnpá ọ́ìlì inú họ́ọ̀sì kàtàpílà lè tó 350 bar, nígbà tí ti táyà ọkọ̀ kékeré kò ju bíi 2 sí 3 lọ. Bí họ́ọ̀sì bá lu bí ojú abẹ́rẹ́, má fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò. Páálí ni kó o fi wá a. Ọ́ìlì yẹn lè gba awọ ara wọlé, kó dà bíi pé ẹ̀gún lásán ló gún ọ, kó má tilẹ̀ dùn ọ́ púpọ̀. Ilé ìwòsàn ni kó o gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kó o sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì háídírọ́líìkì ni, torí ó lè gba iṣẹ́ abẹ. Kó o tó tú họ́ọ̀sì èyíkéyìí, gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ, èyí tó fi ń kó yẹ̀pẹ̀, kalẹ̀ pátápátá, pa ẹ́ńjìnnì, tẹ̀ lé ohun tí ìwé ẹ̀rọ ní kí o ṣe láti tú ìfúnpá tó kù sílẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ. Má wọ abẹ́ ohun tó jẹ́ ọ́ìlì nìkan ló gbé e dúró, àní bó jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Bó o ṣe máa rí iṣẹ́ mìíràn gbà: ra ìwé kékeré kan. Kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ, wákàtí rẹ̀ àti ohun tí o rí lára rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá bá ń wá ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ kan, lọ bá a di tọ́ọ̀ṣì mú, má sì sọ̀rọ̀ jù. Lẹ́yìn oṣù kan, mú ìwé yẹn lọ bá a, kó o bẹ̀ ẹ́ fún iṣẹ́ kan pàtó, má sọ pé "ẹ fún mi níṣẹ́ ẹ́ńjìnnì." Sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, họ́ọ̀sì tí mo kọ sílẹ̀ pé ó ń wú yìí, ṣé mo lè pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa wò mí?" Bó bá gbà, dé ẹnu họ́ọ̀sì méjèèjì kí eruku tó wọ inú rẹ̀.