Ẹ yẹ àtè ìrù Tiger Moth yín wò kí ẹ tó ra aṣọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá líníìnì ni kí ẹ fi bo ìrù Tiger Moth yín, ọkọ̀ òfuurufú kékeré àtijọ́ tí wọ́n fi aṣọ bò yẹn, àbí poliẹ́sítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra èyíkéyìí. Ẹ kọ́kọ́ bó aṣọ àtijọ́ kúrò, kí ẹ rí igi inú rẹ̀.

Ojú ni èmi fi wo tèmi. Igi spruce yẹn ń dán, fáníìṣì ò bó. Ẹni tí mo sanwó fún pé kó yẹ̀ ẹ́ wò fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Mo bò ó, mo rán aṣọ mọ́ egungun rẹ̀, àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kun dópù, ọ̀dà tó ń mú aṣọ ọkọ̀ òfuurufú le. Ọjọ́ tí mo gbé e pé kí n lọ dè é mọ́ ọkọ̀, nǹkan ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Mo la aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán. Mo ti ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ibi tí egungun ti pàdé igi gbọọrọ, ó wọlé wẹ́rẹ́. Kaséènì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, àtè tí wọ́n ń fi wàrà ṣe láyé Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀rinrin àti èbu ti jẹ ẹ́ di lẹ́búlẹ́bú, ó funfun bí ẹfun. Oríkèé mọ́kànlá ló ti tú. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò yẹn kan náà padà wá, ó ń bi mí pé kí ló dé tí n kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa! Kí wá ni mo sanwó fún un lé lórí?

Torí náà, ọ̀bẹ ni kí ẹ fi wò ó, pàápàá nísàlẹ̀ níbi tí omi máa ń dúró sí. Ẹ ha àtè àtijọ́ títí ẹ ó fi kan igi gan-an. Tuntun kì í mú lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ so igi mọ́ igi, ẹ gé e ní dídagun, kí gígùn ojú gígé náà tó ìlọ́po 12 nínípọn igi. Dídì í mú títí yóò fi gbẹ, ẹ mọ ìyẹn.

Ẹ wọn bí ìrù náà ṣe wúwo tó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn iṣẹ́. Ó jìnnà sí àárín ọkọ̀, ẹrù díẹ̀ níbẹ̀ ń fa gbogbo ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ má kun dópù lọ́jọ́ òjò, yóò hu funfun bí ẹsẹ̀ tí wọn ò fi òróró pa lọ́yẹ́. Kí iná má sì sún mọ́ ọn rárá.

Ní ti aṣọ, poliẹ́sítà ni mo lò nígbà tí mo tún un ṣe. Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń fà á le. Ẹ rọra o: igi ìrù tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ tó bá fà jù á lọ́ ọ.