Irun algae nínú táǹkì kékeré: ẹ má tíì kó GFO sí i

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ ní táǹkì omi òkun yín kò ju 40 lítà lọ, ó ti pé oṣù mẹ́rin, algae (ewé inú omi) tó rí bí irun ti bo gbogbo òkúta, àyẹ̀wò sì ní kò sí phosphate, èròjà tí algae ń jẹ, kankan nínú omi. Ẹ wá ń béèrè ìwọ̀n GFO, hóró irin tó ń fa phosphate kúrò nínú omi, tí ẹ máa kó sínú asẹ́. Ibi tí ẹ wà yẹn gan-an ni mo wà kí n tó ba tèmi jẹ́.

Òdo tí ẹ rí yẹn, irọ́ ni. Algae ń jẹ phosphate náà kí ẹ tó rí i wọ̀n ni. Ohun tó ṣẹ́kù sínú omi ni àyẹ̀wò ń kà, kì í ka èyí tó ti wọ inú ewé lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ọkùnrin tó ta ẹja fún mi wo fọ́tò lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí n kó GFO sí i ní ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kọ sára páálí, kó lè tètè ṣiṣẹ́. Kò bi mí bí mo ṣe ń bọ́ ẹja, kò bi mí irú omi tí mo ń lò. Títí di òní, inú mi ṣì ń ru tí mo bá rántí.

Irun náà kọ́kọ́ funfun, inú mi dùn. Àfi bí nǹkan pupa rúsúrúsú kan ṣe yọ lórí iyanrìn, tó ń fà bí ikun imú, tí hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké há sí i lára. Mo rò pé diatom ni, algae rúsúrúsú tí táǹkì tuntun máa ń ní tó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Mo fà á kúrò láàárọ̀, ó padà nírọ̀lẹ́. Mo pa iná fún ọjọ́ mẹ́ta, ó lọ. Mo tan iná, ó dé. Mo pààrọ̀ omi, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Àwọn ìsáwùrú mi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára gíláàsì, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú. Iyùn (coral) tí mo tọ́ láti orí méjì títí ó fi di mẹ́sàn-án, ẹran ara rẹ̀ bọ́ kúrò lára egungun lójú mi. Dinoflagellate, ẹ̀dá tín-tìn-tín inú omi, ni nǹkan yẹn. Ibi tí phosphate àti nitrate, tí algae náà ń jẹ, bá ti tán pátápátá ló ti máa ń ráyè, torí àwọn tó ń bá a du àyè ti kú. Mo padà lọ bá ọkùnrin yẹn, ìgò mìíràn ló tún fẹ́ tà fún mi! Oṣù márùn-ún ni mo fi jà kó tó lọ.

Nítorí náà, ọwọ́ ni kí ẹ fi tu irun náà. Ẹ gbé òkúta tó bá ṣeé gbé jáde sínú omi iyọ̀ tí ẹ bù láti inú táǹkì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Èyí tí kò ṣeé gbé, ẹ fa á tu, kí rọ́bà máa fa àjákù rẹ̀ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi RO/DI, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ mọ́ pátápátá, nìkan ni kí ẹ lò, kí ẹ̀rọ TDS tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi ka òdo kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i. Ẹ dín oúnjẹ kù, kí iná má kọjá wákàtí mẹ́jọ, ẹ máa pààrọ̀ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀; ẹ ti mọ ìyẹn.

Ìsáwùrú Trochus dára, ó lè yí ara rẹ̀ padà tó bá ṣubú. Ẹ má ra tang, ẹja ńlá tó ń jẹ algae; ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi sínú 40 lítà, ọjà rẹ̀ ló fẹ́ tà. Bí ẹja bá sì ṣàìsàn, ẹ má da oògùn tó ní kọ́pà sínú táǹkì yẹn láéláé, yóò pa ìsáwùrú àti iyùn. Omi tó bá fà lọ, omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi dí i.

Ẹ̀ẹ́n, GFO tí ẹ béèrè: bí òkúta bá ṣì ń tú phosphate jáde tí nọ́ńbà rẹ̀ sì ń ga kọjá 0.1 ppm (ìdá kan nínú mílíọ̀nù ni ppm), ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí páálí sọ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ méjì-méjì. Ẹ má jẹ́ kó kan òdo. Ẹ kọ́kọ́ tu irun náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná, kí ẹ wá sọ nọ́ńbà tí ẹ rí fún mi.