Ẹni tó pe adájọ́ ní "ìwọ"

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì sọ fún mi pé àwọn Kristẹni kan wà tí wọ́n ń pè ní Quaker. Àwọn kan nínú wọn ò ní pásítọ̀, wọ́n kàn ń jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ọkọ mi ní ìyẹn kì í ṣe ìsìn. Kí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn àlùfáà?
Ìyá Ìbejì, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì. Ohun tí wọ́n sọ yẹn náà làwọn àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, nígbà tí ẹgbẹ́ Quaker bẹ̀rẹ̀. George Fox tó ṣíwájú wọn kì í pe ilé ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé olórí ṣóńṣó ló ń pè é, ó ní èèyàn ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fún àlùfáà ní ọ̀rọ̀ Rẹ̀, kí ló dé tó ń tà á? Ìdámẹ́wàá ìgbà náà, òfin ìjọba ni. Ẹni tí kò bá san, wọ́n lè wá fa màlúù rẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1652, Fox dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì Ulverston: ẹ ní Kristi wí báyìí, ẹ ní àwọn àpọ́sítélì wí báyìí, ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, kí lo rí sọ? Margaret Fell, ìyàwó adájọ́, bú sẹ́kún níjòókòó rẹ̀. Ó ní olè ni gbogbo wa, ẹnu lásán la fi mú Ìwé Mímọ́.

Àwọn Quaker ìgbà náà kì í ṣí fìlà fún adájọ́, "ìwọ" ni wọ́n sì ń pè é, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin" bíi tiwa. Wọ́n sùn lẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Ibi tí èmi ti yà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn o. Ta ló máa dúró gbagidi níwájú Ṣọ̀ún, kó ní "ìwọ"?

Ṣùgbọ́n ti ìjókòó jẹ́ẹ́ yẹn, mi ò lè bá Bàbá Ìbejì sọ pé kì í ṣe ìsìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, iná lọ láàárín ìwàásù, epo sì ti tán nínú jẹnẹrétọ̀. Ohùn pásítọ̀ ò dé ẹ̀yìn mọ́, wọ́n bá dákẹ́. Fáànù ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró. Kò sẹ́ni tó kọ orin. Ìyá kan lẹ́yìn mi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kì í ṣe àwa ló ń bá sọ̀rọ̀. Èmi náà rántí ẹnì kan tí mo jẹ lówó láti ọdún tó kọjá.

Bí iná ṣe dé, gbogbo wa pariwo "Up NEPA!", ìwàásù sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí.