Ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ti dúró ni ẹ̀rù wà

Àbúrò mi, ohun mẹ́ta lo béèrè: èwo nínú fíìmù abanilẹ́rù ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò, kí ló dé tí àwọn tuntun kì í dẹ́rù bà ọ́, àti bóyá òótọ́ ni ohun tí màmá rẹ ń sọ pé ẹni tó bá ń wò wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀mí òkùnkùn. Mo lè dá ọ lóhùn díẹ̀, torí nídìí rẹ̀ ni mo ti jẹun rí. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá fíìmù ni mo ní n'Íbàdàn, láti ayé kásẹ́ẹ̀tì fídíò títí tí síìdì fi gba ọjà mọ́ wa lọ́wọ́.

Òfin ṣọ́ọ̀bù wa ni pé kí oníbàárà ríwáìǹdì kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni pé kó yí i padà síbẹ̀rẹ̀, kó tó dá a padà. Ta ló ń tẹ̀ lé e? Tí mo bá wá ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí onítọ̀hún ti pa á gan-an ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí fíìmù náà bá jẹ́ yẹpẹrẹ lásán, ibi tó bá wu kálukú ló ti ń pa á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí tó ń dẹ́rù bani lóòótọ́, ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń sá. Ojú ibẹ̀ kì í sì í sábà jẹ́ ibi tí iwin ti yọjú o. Ó máa ń ṣáájú rẹ̀ díẹ̀: ẹnì kan ń dá rìn lọ sílé, ìlù ti dákẹ́, ìwọ tó ò ń wò ó ti mọ ohun tó ń bẹ níwájú, òun ò mọ̀.

Nítorí náà, Ti Olúwa Nilẹ̀ ni mo ní kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1993 ni Túndé Kèlání gbé apá kìíní rẹ̀ jáde. Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé wa, ló ni ìtàn náà, òun náà ló sì ṣe Olóyè Ọ̀tún Aṣiyanbí. Ilẹ̀ tí èèwọ̀ wà lórí rẹ̀ ni Ọ̀tún àti àwọn kan lẹ̀dí àpò pọ̀ tà. Kò pẹ́, ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tún ń sá kiri, à ń fi í rẹ́rìn-ín, àyà tiwa náà sì ń já, torí ta ni nínú wa tí kò mọ ẹnì kan tó ta ilẹ̀ ẹbí? Àwọn àgbàlagbà ló ń yá a lọ́wọ́ mi jù. Bàbá kan wà ládùúgbò tí ẹjọ́ ilẹ̀ wà lọ́rùn wọn nígbà náà. Wọ́n yá apá kìíní, wọn ò padà wá fún apá kejì.

Tí o bá ti wo ìyẹn tán, wá Ṣaworoidẹ ti ọdún 1999. Fíìmù òṣèlú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe tò ó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ òfin fún wa: ọba tó bá dé adé ìlú Jogbo láìgba gbẹ́rẹ́, bí wọ́n bá lu ìlù ṣaworoidẹ sí i, orí fífọ́ ni yóò pa á. Wọ́n wá fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú òfin yẹn. Lápitẹ́ jọba, ó ń jẹ owó igi gẹdú, ó dà bíi pé wọ́n ti gbàgbé ìlù náà. Ìgbà tí Lágàta ológun wá gbé adé lé orí ara rẹ̀, kò sí ẹni tó nílò àlàyé mọ́. Inú ìjókòó níbẹ̀ kéèyàn máa retí ìlù ni ẹ̀rù wà.

Àwọn tuntun tí o ní wọn kì í bà ọ́ lẹ́rù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń di ẹ̀bi náà ru kọ̀ǹpútà, pé iná tó ń ti àtẹ́lẹwọ́ babaláwo jáde ló ba nǹkan jẹ́. Mi ò rò pé bẹ́ẹ̀ ni. Hubert Ògúndé lo ọgbọ́n kámẹ́rà tirẹ̀ náà nínú fíìmù Ayé lọ́dún 1979, níbi tó ti ṣe Òṣétúrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, èèyàn á pòórá. Bí o bá wò ó lónìí, wàá rí ibi tí wọ́n ti gé e. Síbẹ̀ àyà rẹ á já. Ohun tó sọnù lẹ́nu àwọn ti ìsinsìnyí ni ohùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àrélù. Jimoh Aliu ló ni eré yẹn, orí tẹlifíṣàn la ti ń wò ó, Fádèyí Olóró sì wà níbẹ̀. Ní agboolé wa, tẹlifíṣàn kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ń wò. Bí Fádèyí bá ti lanu, tó bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀, etí làwọn ọmọdé ń dì, wọn kì í dijú. Mo fẹ́ kí o ronú sí i dáadáa. Ẹni tó dijú ṣì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ wa ni pé bó bá pe ọ̀rọ̀ yẹn pé, nǹkan á ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tá a jókòó sí. Ọkùnrin náà kì í kánjú. Á pe igi, á pe ẹyẹ, á sọ ohun tí wọ́n kì í ṣe láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé, á rọra yí i sórí ẹni tó ń bá jà, ìwọ náà á mọ̀ pé ọ̀nà àbáyọ ti dí. Jimoh Aliu papò dà lọ́dún 2020, Fádèyí tẹ̀ lé e lọ́dún 2024. Lónìí, gbólóhùn méjì pẹ̀lú ariwo, iná ti bù jáde lọ́wọ́. Wọn ò tíì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ èèyàn lára kí wọ́n tó fi iná rọ́pò rẹ̀.

Ti ògùn owó tún yàtọ̀. Living in Bondage tó jáde lọ́dún 1992, èdè Ìgbò ni wọ́n fi ṣe é, àwọn oníbàárà mi tí wọn ò gbọ́ Ìgbò rárá sì ń du ú mọ́ra wọn lọ́wọ́. (Kenneth Nnebue tó náwó sí i, fíìmù Yorùbá ló kọ́kọ́ ń gbé jáde, ìyẹn ni wọn kì í sábà rántí.) Andy fi Merit, ìyàwó rẹ̀, ṣe ètùtù owó. Merit wá ń fara hàn án. Kò gbá a mú, kò fún un lọ́rùn, ó kàn ń yọjú sí i nígbà tí ayé bá ń dùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e dà á rú pátápátá: mọ́tò, ilé, ijó, ọtí, títí fíìmù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kí wọ́n tó wá sáré mú ọ̀daràn náà ya wèrè ní ìparí. Ìpolówó ọjà nìyẹn. Lọ́dún 2024, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà kéde òfin pé kí wọ́n yé ṣe ògùn owó lẹ́ṣọ̀ọ́ nínú fíìmù. Mi ò fẹ́ràn kí ìjọba máa gé fíìmù, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé wọn ò rí nǹkan kan.

Bí o bá fẹ́ èyí tó sún mọ́ ìgbà tìẹ, The Figurine tí Kúnlé Afọláyan ṣe lọ́dún 2009 dára púpọ̀. Àgùnbánirọ̀ méjì rí ère Arárọ́mirẹ́ nínú igbó, ọdún méje oríire, ọdún méje ìnira. Ó fi ọ́ sílẹ̀ láìdá ẹjọ́ bóyá ère ló ṣe é tàbí ọwọ́ èèyàn. Mo ti rí àwọn ọ̀rẹ́ tó bínú síra wọn lórí ìyẹn.

Ó wá ku ti màmá rẹ. Fi sùúrù bá wọn sọ ọ́, torí ó ṣeé ṣe kí àwọn gan-an ti wo Agbára Ńlá ti Mount Zion, tí Mike Bámilóyè gbé jáde níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ilé onígbàgbọ́ tí wọn kì í jẹ́ kí Fádèyí wọlé, wọ́n ń gba Ìṣàwúrú inú fíìmù yẹn láyè, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sì lè dá lọ sí ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi kò tíì rí àgbàlagbà tí fíìmù mú ẹ̀mí wọ̀. Ohun tí mo rí burú ju ìyẹn lọ. Obìnrin kan yá ọ̀kan lára àwọn fíìmù tí ọmọ kékeré ti ń jẹ́wọ́ àjẹ́, kò pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ yẹn fi kúrò nílé wọn, kò rọrùn láti wò. Mo kó gbogbo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ, mo sì jẹ gbèsè rẹ̀. Ní Akwa Ibom, ọ̀rọ̀ náà le débi pé òfin ọdún 2008 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ọmọdé ní àjẹ́. Níbi ti ọmọdé, màmá rẹ ló jàre.

O ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ nípa Supernatural, eré tẹlifíṣàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 2005 ló bẹ̀rẹ̀, 2020 ló parí, apá 15 sì ni. Àwọn apá àkọ́kọ́ dùn: ìyọ̀ ni wọ́n ń dà sẹ́nu ọ̀nà, irin ni wọ́n fi ń lé òkú, egungun ni wọ́n ń hú sun. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí irin níbẹ̀ tí kò ní mi orí? Eric Kripke tó dá a sílẹ̀ ló darí apá márùn-ún àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kí o dúró. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá kú á jí, á tún kú, á tún jí. Ta ni yóò bẹ̀rù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

The Exorcist ti ọdún 1973, níbi tí ẹ̀mí òkùnkùn ti wọ ọmọbìnrin kan lára, náà wà níbẹ̀. Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ orí tó yí po. Lójú tèmi, ilé ìwòsàn ló le jù, níbi tí wọ́n ti ń gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ lọ́rùn, tí wọ́n ń ya fọ́tò inú orí rẹ̀, tí àwọn dókítà ò rí nǹkan kan, tí ìyá rẹ̀ ń wo ẹnu wọn. Àlùfáà ò tíì dé nígbà yẹn. Ibẹ̀ sì ni kásẹ́ẹ̀tì tèmi máa ń dúró bí wọ́n bá dá a padà. Wò ó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí o má baà níṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.