Bí A Ṣe Ń Fi Gẹ̀ẹ́sì Bèèrè Páàtì Mọ́tò Láti Amẹ́ríkà

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Páàtì Toyota ni mò ń tà ní ìlú Oǹdó. Ládípọ̀ l'Ékòó ni mo ti ń rajà tẹ́lẹ̀, kò sì sí wàhálà, torí bí mo ṣe ń pe páàtì náà ni wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀. Lọ́dún yìí ni àbúrò ọkọ mi tó wà ní Houston bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi rajà ránṣẹ́. Mo ní kó bá mi ra "kick starter" Camry, ó ní ibi gbogbo tí òun ti béèrè, páàtì ọ̀kadà ni wọ́n ń mú jáde. Mo ní kó ra "shaft" méjì, irin gbọọrọ kan tí mi ò mọ mọ́tò tó ni ín ló dé. Àwọn mẹ́káníìkì ọ̀dọ̀ mi ní bí àwọn ṣe mọ̀ ọ́n pè nìyẹn. Ṣé ìwé kan wà tí mo lè há sórí ni, àbí kí n padà sí Ládípọ̀?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá. Ẹ má padà sí Ládípọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má sì wá ìwé kankan há sórí. Bí ẹ bá fẹ́ kí àbúrò ọkọ yín ra ohun tó tọ́, nọ́ńbà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ ṣáájú orúkọ. Màá ṣàlàyé nọ́ńbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ohun tí a ń pè níbí fi ń di nǹkan mìíràn lọ́hùn-ún, torí bí ẹ bá mọ ìdí rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín á ti fura kí owó tó jáde.

Gẹ̀ẹ́sì Ìlú Ọba ni a fi kọ́ iṣẹ́ mọ́tò nílẹ̀ yìí. Títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì títì ni gbogbo Nàìjíríà ń gbà wakọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. A yí i sí apá ọ̀tún, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Kàdúná ní 1975, síbẹ̀ "bonnet" àti "boot" kò kúrò lẹ́nu wa. Camry àti Corolla tí àwọn oníbàárà yín ń gùn báyìí, Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú wọn, "hood" àti "trunk" ni ìwé inú wọn sì ń pè é. Ọkọ̀ ti yí padà, orúkọ ẹnu wa kò yí.

Ẹ tún wá fi orúkọ tí àwọn ọ̀gá mẹ́káníìkì wa fúnra wọn sọ páàtì kún un. "Kick starter" tí ẹ béèrè, ẹsẹ̀ irin tí ọlọ́kadà ń tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó jí ló ni orúkọ náà. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnnì mọ́tò, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, orúkọ náà bá a lọ. Ní Amẹ́ríkà, "starter" lásán ni. Ohun tí a ń pè ní "engine seat", níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, "engine mount" ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. "Top cylinder" wa ni "cylinder head" wọn, "top gasket" ni "head gasket". "Brain box", ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ni "ECM" tàbí "ECU". "Nozzle" tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì ni "fuel injector". Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ ní Àkúrẹ́ níbí pé kí wọ́n má fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí sílẹ̀, torí òun ni àwọn tí wọ́n máa bá ṣiṣẹ́ láti Iléṣà Garage títí dé Ọ̀wọ̀ gbọ́. Kí wọ́n kàn mọ èkejì mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ "shaft" ló yẹ kí n dúró lé díẹ̀, torí òun ló ná yín lówó. Irin èyíkéyìí tó ń yí, tó sì ń gbé agbára láti ibì kan lọ síbòmíràn, shaft ni. Èyí tó wà nísàlẹ̀ inú ẹ́ńjìnnì, tí àwọn pístínì ń yí, ni "crankshaft". Èyí tó wà lókè, tó ń ṣí fáàfù, ni "camshaft". Lábẹ́ Hiace àti Hilux, irin gígùn tó bíi páìpù wà tó gba àárín ọkọ̀ kọjá láti gíà lọ sẹ́yìn. "Propeller shaft" nìyẹn. Èyí tí oníbàárà yín ń wá yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Méjì ni lórí ọkọ̀ kan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, láti gíà lọ sí táyà iwájú, rọ́bà dúdú wà lórí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òun ló sì máa ń dún kọ́-kọ́-kọ́ bí wọ́n bá ń yí sítíárìn dé òpin.

Ní Ìlú Ọba, "driveshaft" ni wọ́n ń pe èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí. Ẹ wá wò ó: bí ẹ bá dárúkọ "driveshaft" fún ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti Hilux tó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn ni ọkàn wọn á lọ bá. "CV axle" ni ti Camry lẹ́nu tiwọn. Nítorí náà, kódà ẹni tó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè kó sínú ìṣòro yín. Irin gbọọrọ tó dé yẹn, ẹ wo ẹnu rẹ̀: bí kò bá ní rọ́bà dúdú, tí "cross", ìyẹn oríkèé irin tó rí bí àgbélébùú, sì wà lẹ́nu rẹ̀, propeller shaft ọkọ̀ tó ń fi táyà ẹ̀yìn rìn ni. Ẹ fi han àwọn tó ń tún pickup àti bọ́ọ̀sì ṣe, ó lè rí ẹni tó máa rà á.

Rọ́bà dúdú náà, "CV boot" ni. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè "Camry boot" lọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà, rọ́bà ló máa rà, kì í ṣe ìdérí ẹ̀yìn ọkọ̀. "Hood" náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: ìdérí ẹ́ńjìnnì ni ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ní Ìlú Ọba, òrùlé aláṣọ tí wọ́n ń ká kúrò lórí ọkọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù kò le: "windscreen" di "windshield", "wing" di "fender", "silencer" di "muffler", "gearbox" di "transmission", "trafficator" di "turn signal", "sump" di "oil pan", "spanner" di "wrench", "track rod end" di "tie rod end".

Ẹ má kọ "driver side" sínú ìwé yín rárá. Òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí níbí àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀tún ni ní Ìlú Ọba àti Japan. Ẹ kọ LH fún òsì, RH fún ọ̀tún. Bí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tó kọjú síwájú ṣe mọ ọ̀tún àti òsì rẹ̀ ni wọ́n ń kà á, kì í ṣe ti ẹni tó dúró níwájú bonnet. Iná iwájú àti dígí ẹ̀gbẹ́ ni mo ti rí tí èyí ń bàjẹ́ fún àwọn èèyàn jù.

Ó kan nọ́ńbà. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà chassis, VIN ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà àti òǹkà 17 ni, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lórí ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún láti ọdún 1981. Ẹ ó rí i nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, láti ìta. Ẹ ní kí oníbàárà ya fọ́tò rẹ̀. Wọn kì í lo lẹ́tà I, O àti Q nínú rẹ̀, torí náà ohun tó bá jọ O, òdo ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà. 2 ni Kánádà, J ni Japan. Ẹ̀kẹwàá nínú àwọn 17 náà ló ń sọ ọdún: 7 ni 2007, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé "Big Daddy" àti "Muscle" tí a ń pe Camry níbí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Houston, ọdún nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ fi ti ẹ́ńjìnnì kún un: oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ni "4-cylinder", oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà ni "V6", páàtì wọn kì í sábà bára wọn mu.

Èkejì ni nọ́ńbà páàtì, òun ni mo fẹ́ràn jù, torí kò ní Gẹ̀ẹ́sì nínú. Ti Toyota, márùn-ún ni, dáàṣì kan, lẹ́yìn náà márùn-ún mìíràn. Márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ irú páàtì tó jẹ́. 28100 ni starter, 27060 ni alternator. 04465 ni páàdì bíréèkì iwájú, 04466 ni ti ẹ̀yìn. CV axle iwájú, 43410 ni ti ọ̀tún, 43420 ni ti òsì. Márùn-ún tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ọkọ̀ tó bá mu. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà yìí lára páàtì àtijọ́ tàbí lára páálí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá sọ fún àbúrò ọkọ yín pé nọ́ńbà náà ti di "superseded", kó má bẹ̀rù: Toyota ti fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò rẹ̀ ni, èyí tuntun ni kó rà.

Bí kò bá sí nọ́ńbà páàtì, ohun tí ẹ máa kọ sí i kò ju èyí lọ: "2007 Toyota Camry, 4-cylinder, automatic. Front CV axle, LH, one piece." Kí fọ́tò VIN àti fọ́tò páàtì àtijọ́ tẹ̀ lé e.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń pinnu iye owó. "Genuine" ni èyí tó wà nínú páálí Toyota fúnra rẹ̀. "OEM" ni èyí tí iléeṣẹ́ tó ń bá Toyota ṣe páàtì, bíi Denso tàbí Aisin, tà nínú páálí tirẹ̀. Èmi kì í lọ́ra láti ra irú rẹ̀. "Aftermarket" ni ti iléeṣẹ́ mìíràn, ó lè dára, ó sì lè má dára. "Remanufactured" ni páàtì àtijọ́ tí wọ́n tú, tí wọ́n pààrọ̀ ohun tó jẹ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì dán wò. Ohun tí a ń pè ní "Belgium" tàbí Tòkunbọ̀, "used" ni lọ́hùn-ún. Ẹ ó tún máa rí "forged" àti "cast". Irin rírọ ni forged: wọ́n lù ú nígbà tó gbóná, bí àgbẹ̀dẹ ṣe ń rọ àdá. Irin yíyọ́ tí wọ́n dà sínú àwòṣe ni cast. Níbi tí ìfàya àti ìgbọ̀n pọ̀, bíi connecting rod tó so pístínì mọ́ crankshaft, ẹ yan forged. Ṣùgbọ́n dídà ni wọ́n ń da block ẹ́ńjìnnì, kò sì sí àbùkù níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń ta rings àti bearing, ẹ béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ mẹ́káníìkì kí ẹ tó kọ ohunkóhun. STD ni ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì bá jáde nílé iṣẹ́. Tí wọ́n bá ti bọ́ọ̀ ẹ́ńjìnnì, ihò rẹ̀ ti fẹ̀ sí i, pístínì àti rings ńlá ló máa wọ̀ ọ́, "oversize" nìyẹn. Ti crankshaft yàtọ̀: tí wọ́n bá lọ̀ ọ́, ó ti tín-ín-rín, bearing tó máa wọ̀ ọ́ sì nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ "undersize" ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀, torí shaft ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe bearing. Ẹ tún wo bóyá ínṣì ni wọ́n fi kọ ọ́ tàbí mìlímítà. Ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, nítorí náà .010 lọ́nà ti Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.25 tiwa, .020 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.50, .030 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.75. Ẹni tó bá kọ "20" lásán ránṣẹ́ ti fi ẹni tó ń bá a rajà sínú òkùnkùn.

Ó ku "core charge", èyí tí àbúrò ọkọ yín lè má tíì kà sí. Bó bá ra starter, alternator tàbí CV axle tó jẹ́ remanufactured, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà máa ń gba owó kan lé e, wọ́n á sì dá a padà fún un bó bá mú páàtì àtijọ́ wá. Páàtì àtijọ́ ti oníbàárà yín, Oǹdó ló wà, owó tí ẹ máa fi gbé irin náà kọjá òkun lè ju owó tí wọ́n máa dá padà lọ. Kó béèrè iye core kó tó sanwó, kó fi kún iye ọjà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wé iye tí wọ́n ń tà á ní Ládípọ̀.