Inú ike ni irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀

Àbúrò mi, o béèrè bóyá a lè fọkàn balẹ̀ nígbà tí àbájáde àyẹ̀wò omi tí wọ́n ń dà sí òkun láti ibi ìwapo kò bá kọjá òfin. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo fẹ̀yìntì sí, ṣùgbọ́n mo ti fi ọdún mẹ́fà bu irú omi bẹ́ẹ̀ lórí òkun, ohun tó sì kọ́kọ́ dójú tì mí kì í ṣe ẹ̀rọ rárá.

Omi tí mo ń sọ yìí ni èyí tó ń bá epo rọ̀bì jáde láti abẹ́ ilẹ̀. Bí kànga epo bá ṣe ń dàgbà sí i ni omi rẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí yóò fi ju epo gan-an lọ. Ní Nàìjíríà, mìlígíráàmù 40 epo nínú lítà kan ni òfin gbà láàyè lójú agbami. Àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Òkun Àríwá ká fi ẹnu kò sí 30, ní ìpíndọ́gba oṣù kan.

Ní oṣù kejì mi níbẹ̀, mo bu omi sínú ike, mo sì dà á sínú ìgò nígbà tí mo dé yàrá àyẹ̀wò. Àbájáde rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí inú gbogbo wa fi dùn. Àgbà kan lẹ́nu iṣẹ́ gbé ike òfìfo náà sókè sí oòrùn, ó ní kí n wò ó: àwọ̀ bí òṣùmàrè lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ yíká. Epo tó yẹ kí n wọ̀n ni mo fẹ́ jù nù yẹn. Ẹni tó bá ti ra epo pupa lọ́jà Jagun rí mọ̀ pé a lè fọ ike rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí pupa ṣì wà lára rẹ̀. N kò mọ ìdí tí mo fi rò pé ti rọ̀bì yóò yàtọ̀.

Nítorí náà, ìgò gíláàsì ni kí o lò. Má ṣe fi omi náà ṣan ìgò náà kí o tó bù ú, má bù ú kún dé ẹnu, kí o sì kán ásíìdì sí i lójú ẹsẹ̀ kí àwọn kòkòrò àìfojúrí má baà jẹ epo inú rẹ̀. Odindi ìgò ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì fi èròjà tó ń yọ́ epo ṣan inú rẹ̀ mọ́ àyẹ̀wò náà.

Epo tó wà ní ẹ̀kán wẹ́wẹ́ ni òǹkà òfin yẹn ń wò jù. Bẹnsíìnì, èròjà kan nínú epo rọ̀bì, àti àwọn mìíràn tó ti yọ́ wọnú omi lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Nọ́wè fi ń so ẹran omi oníkarawun rọ̀ sínú àgò nítòsí ibi ìwapo, tí wọ́n á wá yẹ ara àwọn ẹran náà wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Sátẹ́láìtì náà ń rí epo tó léfòó, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá lọ́lẹ̀ jù tàbí tó le jù, ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran.

Bí wọ́n bá fi àbájáde hàn ọ́, béèrè ẹni tó bu omi náà, wákàtí tó bù ú àti ohun tó bù ú sí. Nígbà tèmi, kò sẹ́ni tó béèrè. Kí á tó tún un bù, òǹkà àkọ́kọ́ ti wọ ìwé.